Sí Ẹ̀gbọ́n Mi Aláṣọ ní Ìgbọ́nà: Ta Ni Bíbélì Yín Ń Bá Wí?

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá. Mo mọ̀ pé ẹ ti fi “ní orúkọ Jésù” tì í kí ẹ tó ṣe àmín.

Ẹ má bínú pé ojú gbogbo ayé ni mo ti ń kọ ìwé yìí sí yín. Mo pè yín lórí fóònù títí, ẹ ò gbé e, nítorí ẹ ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹni tí kò bá gbé ìpè, ẹnu ọlọ́jà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò ti gbọ́ pé wọ́n kọ̀wé sí òun.

Nígbà tí mo wá kí yín ní ṣọ́ọ̀bù gbẹ̀yìn, ẹ lọ wá ṣéńjì fún oníbàárà, ẹ fi èmi àti Bíbélì yín sílẹ̀ lórí káńtà. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ìwé náà dáadáa. Àwọ̀ wúrà tí wọ́n fi kun etí rẹ̀ ṣì ń dán láti Jẹ́nẹ́sísì títí dé Jóòbù. Nígbà tó kan Sáàmù, ó dúdú: àmì ìka, àmì epo àkàrà, àmì aró pàápàá. Ó kọjá Sáàmù tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dán títí dé Ìfihàn. Mo ṣí i, ó gba Sáàmù 35 lọ fúnra rẹ̀. Mo pa á dé, mo tún ṣí i, ó di Sáàmù 109. Àdúrà ìbínú sí ọ̀tá ni méjèèjì. Bíbélì yẹn ti mọ ọ̀nà ilé, kò sí ẹni tí yóò júwe fún un mọ́. Nínú báàgì onísíìpù tí ẹ fi wọ̀ ọ́, ìwé pélébé kan wà níbẹ̀ tí orúkọ àwọn tó jẹ yín lówó kún inú rẹ̀. Òun nìkan ló gbó tó Sáàmù.

Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni ọ̀tá yìí ná, tó le tó báyìí? Ṣé aláṣọ ọ̀ọ́kán tó gbé léèsì tuntun wálé ṣáájú yín ni, àbí ìyàwó àbúrò ọkọ yín tí kò kí yín dáadáa níbi òkú ọjọ́sí? Mi ò bá Sáàmù jà o. Ẹni tí ayé ń lé, kó ké pe Ọlọ́run. Dáfídì náà ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ láìfi nǹkan kan pa mọ́. Ibi tí ẹ ti ń dúró ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ti jókòó lẹ́yìn yín níbi ìṣọ́ òru nígbà tí ẹ ń ka Sáàmù 139. Ẹsẹ 19 dé 22, níbi tí Dáfídì ti ń bínú sí àwọn ẹni búburú, ohùn yín gbé ilé Ọlọ́run sókè. Ẹsẹ 23 àti 24 ló kù, níbi tí ọkùnrin náà ti yíjú padà sí ara rẹ̀, tó ní kí Ọlọ́run wá tú inú òun wò bóyá ọ̀nà burúkú wà níbẹ̀. Ẹ ò dé ibẹ̀. Àmín yín ti dún ní ẹsẹ 22.

Ẹ sì wá fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn Òkè-Oyè fún wa! Kò sí ọmọ kan nínú ilé wa tí kò mọ̀ pé awakọ̀ ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀nà ni Ayọ̀ Babalọlá, pé lọ́nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkéjì-Arákéjì, ni ẹ̀rọ náà ti kọṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, tó sì gbọ́ ìpè Ọlọ́run. A mọ̀ pé ní oṣù keje ọdún 1930, àwọn aṣáájú ìjọ Faith Tabernacle pàdé ní Òkè-Oyè, ní Iléṣà, láti yanjú àríyànjiyàn lórí ẹ̀kọ́ ìjọ, pé ibẹ̀ ni ìsọjí ti tipasẹ̀ Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ tí àwọn èèyàn fi ń wọ́ wá láti tòsí àti ọ̀nà jíjìn. Ìjọ tí ìsọjí yẹn bí ni wọ́n fi orúkọ Christ Apostolic Church forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1943, tí ẹ fi ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwa tí a wà ní ìjọ mìíràn, àlejò ni wá.

Ó dáa. Nínú ìtàn kan náà, kí ni àwọn èèyàn ń gbé wá sí Òkè-Oyè? Ońdè, ìgbàdí, ère, gbogbo ohun tí wọ́n ti gbára lé. Wọ́n kó o jọ, wọ́n dáná sun ún. Kò rọrùn fún wọn o, torí owó gidi ni wọ́n fi ṣe é, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé àwọn á sùn lóru ọjọ́ náà láìsí nǹkan kan nídìí. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú iná yẹn lẹ rọra gbà wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, awọ dúdú àti síìpù lẹ fi bò ó. Bíbélì lábẹ́ ìrọ̀rí kí àlá burúkú má bàa wá. Bíbélì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ titun nígbà tí ìyá rẹ̀ bá lọ wẹ̀. Bíbélì ní ṣíṣí lórí káńtà, tí ẹnikẹ́ni ò kà. Ońdè ni, ẹ̀gbọ́n mi. Bí babaláwo bá rí i, yóò kan béèrè iye tí wọ́n ṣe é fún yín ni.

Oníṣòwò bíi tiyín kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ẹ kúrò ní Sáàmù fúngbà díẹ̀, ẹ lọ sí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16. Ojú ewé ibẹ̀ ṣì lẹ̀ pọ̀, ẹ fi atẹ́gùn ẹnu ṣí i. Lídíà lorúkọ rẹ̀, ará Tíátírà, aṣọ elése àlùkò ló ń tà nílùú Fílípì. Àwọ̀ yẹn wọ́n láyé ìgbà náà, àwọn ọlọ́lá ló ń lò ó, nítorí náà kì í ṣe aláṣọ abẹ́ igi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìgbọ́nà, ní Òṣogbo ìlú aró, ó yẹ kí ẹ lè fojú inú wo ọwọ́ rẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi ni. Àwọn obìnrin jókòó sẹ́bàá odò, wọ́n ń gbàdúrà (ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe odò Ọ̀ṣun). Pọ́ọ̀lù wá jókòó tì wọ́n, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni ò ríran, ẹnikẹ́ni ò ṣubú lulẹ̀. Obìnrin náà ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ni, Olúwa sì ṣí i lọ́kàn.

Ẹ wá fi ojú ọlọ́jà wo ohun tó tẹ̀lé e. Kò béèrè orúkọ ọ̀tá rẹ̀. Ó ṣe ìrìbọmi, òun àti ará ilé rẹ̀, ó sì fàáké kọ́rí pé dandan ni kí àwọn àlejò yìí wá dé sílé òun. Kò pẹ́ tí wọ́n fi na Pọ́ọ̀lù àti Sílà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbangba, tí wọ́n jù wọ́n sẹ́wọ̀n. Nígbà tí wọ́n jáde, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n gbà lọ. Aláṣọ ńlá tó ń gba ẹlẹ́wọ̀n sílé! Ṣé ẹ rò pé àwọn oníbàárà rẹ̀ ò sọ̀rọ̀?

Ó wá ku ibi tí ẹ ò fẹ́ kí n dé.

Ìwé Fílémónì, orí kan péré, ẹsẹ 25. Ẹ lè kà á tán kí ẹ̀kọ yín tó tutù. Lẹ́tà ni. Ónísímù, ẹrú Fílémónì, ti kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó sì jọ pé owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù ti kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ fún un. Ẹ wo ọgbọ́n àgbà: kò kọ ọ́ sí Fílémónì nìkan, ó kí Áfíà, ó kí Ákípọ́sì, ó kí gbogbo ìjọ tó ń pàdé nínú ilé rẹ̀, kí ọkùnrin náà má bàa rí ẹní tí yóò ká lẹ́tà náà sí lábẹ́. Ṣé ẹ ti wá rí ibi tí mo ti kọ́ tèmi? Ó ní òun lè pàṣẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ lòun ń bẹ̀. Ó ní kí wọ́n ka gbèsè ọmọ náà sí òun lọ́rùn. Ó wá fi kún un pé òun ò ní mẹ́nu kàn án pé Fílémónì alára jẹ òun ní gbèsè ara rẹ̀. Ó ti mẹ́nu kàn án tán! Ó tún ní kí wọ́n tọ́jú yàrá sílẹ̀ de òun, òun ń bọ̀.

Ẹni tó ṣáájú iṣẹ́ tí lẹ́tà yìí fi di Yorùbá, Àjàyí Crowther, ẹrú ni wọ́n mú òun náà ní Òṣoògùn ní 1821, nígbà tó ṣì kéré. Ìwé Róòmù tó túmọ̀ jáde ní 1850, odidi Bíbélì pé ní 1884. Ọdún 34, ẹ̀gbọ́n mi, kí ẹ tó wá fi epo àkàrà sààmì sí Sáàmù méjì.

Ọmọbìnrin tó ń bá yín tajà, tó sá lọ nígbà tí owó àǹkárá ò pé, Iléṣà ló wà. Ó wá bá mi. Kò sẹ́. Ó ní ìyá òun ló dùbúlẹ̀ àìsàn, oògùn lòun fi owó náà rà. Mi ò ní kò jẹ̀bi. Owó olówó ló kó, kò sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Orúkọ rẹ̀ ló wà lókè pátápátá nínú ìwé pélébé yẹn, ẹ sì fi báírò pupa fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń bà mí lẹ́rù pé òun ni Sáàmù 109 náà wà fún: ọmọ tí ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ, tó ń pè yín ní Mọ́mì.

Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń bọ̀ ní Ìgbọ́nà. Ẹ tọ́jú ìjókòó. Owó tó rí kó jọ wà lọ́wọ́ mi, kò tíì pé. Èyí tó kù, ẹ kọ ìdajì rẹ̀ sí orúkọ mi. Ìdajì ni mo wí o. Gbogbo rẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù gbà sọ́rùn, ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù ò ní ọmọ tó ń sanwó ilé-ìwé fún.

Èmi àbúrò yín.