Ta Ló Ní Kó O Paradà?

Nínú fíìmù An American Werewolf in London, tí John Landis darí ní 1981, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ David jí láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú àhámọ́ àwọn ìkookò ní ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ́nù. Ìhòhò ló wà. Òṣùpá ti yọ kíkún lálẹ́ àná, ó ti di ìkookò, ó ti pa èèyàn, kò sì rántí ìkankan nínú rẹ̀. Ó gba bálúùnù ọmọdé kan fi bo ìdí, ó jí kóòtù pupa obìnrin wọ̀, ó sì lọ tò sórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Àwọn ará Lọ́ńdọ́nù wò ó, wọ́n gbójú kúrò. Ó délé láìsí ariwo.

Ẹ wá gbé ọmọ yìí lọ sí ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn. Kó tó jáde sí títì Agbowó, ẹni àkọ́kọ́ tó rí i á ti ké "Jésù!", ẹni kejì á ti bọ́ ìborùn rẹ̀ so mọ́ ọn nídìí. Ìyá olóńjẹ á bu àmàlà fún un, á sì máa bú u bó ṣe ń jẹ ẹ́: "Ta ni ìyá ẹ? Ṣé wọ́n mọ̀ nílé pé ibi tó o wà nìyí?" Pásítọ̀ kan tó ń lọ síbi iṣẹ́ á dúró gbàdúrà. Àwọn ọlọ́kadà á yọ fóònù, nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, fídíò ti dé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Houston. David á wọṣọ, á yó, ṣùgbọ́n kò sí ilé kan láti Òjóò dé Mókọ́lá tó máa fi ọmọ fún un mọ́.

Àwọn ìtàn àti fíìmù nípa ẹni tó ń paradà láìfẹ́ pọ̀ jọjọ. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé òkè òkun tó bá jókòó wò wọ́n pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ á tètè rí ohun kan: nínú ìtàn àwọn òyìnbó, ẹni tí ara rẹ̀ ń yí padà ló máa ń dá wàhálà rẹ̀ gbé. Nílé, kò sóhun tó ń jẹ́ dídá gbé.

Larry Talbot ni kí a kọ́kọ́ mú, ti inú The Wolf Man, fíìmù 1941 tí Lon Chaney Kékeré ṣe. Ará òkèèrè pọ́ńbélé ni. Ọdún 18 ló lò ní Amẹ́ríkà kó tó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Wales nítorí ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò tíì pẹ́ tó dé tí ìkookò fi bù ú jẹ. Ọmọ Yorùbá tó bá ti lọ ṣọdún Kérésì nílé lẹ́yìn ọdún gbọọrọ mọ irú ìkíni-káàbọ̀ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀fọn ni tirẹ̀: alẹ́ àkọ́kọ́ ló máa ń ṣe é, ibà á sì ti dé kó tó pín ẹ̀bùn inú àpótí tán. Nígbà tí Larry sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ń di ẹranko, Sir John ní inú orí rẹ̀ lásán ni gbogbo rẹ̀ wà. Ó dè é mọ́ àga, kó lè rí i fúnra rẹ̀ pé kò sí nǹkan kan.

Bàbá Yorùbá wo ló máa sọ bẹ́ẹ̀? Kí Larry tó parí ọ̀rọ̀, wọ́n ti pe wòlíì, wọ́n ti ránṣẹ́ sí àfáà, àbúrò bàbá tó ń gbé Ìjẹ̀bú sì ti ń bọ̀ lọ́nà pẹ̀lú bàbá kan tí kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun. Gbogbo wọn ló máa gbà á gbọ́. Ìṣòro tó kù ni pé kálukú á tún ti mọ ẹni tó ṣe é, kò sì ní ju ìyàwó kékeré lọ.

(Curt Siodmak tó kọ ìtàn fíìmù yẹn, Júù ọmọ Jámánì tó sá fún Hitler ni. Òun náà mọ bó ṣe ń rí kí èèyàn jí láàárọ̀, kó rí i pé àwọn aládùúgbò òun ti yí padà.)

Ọ̀rọ̀ òṣùpá tún wà níbẹ̀. Lójú àwọn tó ń ṣe fíìmù ìkookò, alẹ́ òṣùpá ni kí ọlọ́mọ tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ. Nílẹ̀ Yorùbá kí iná mànàmáná tó dé, alẹ́ òṣùpá gan-an ni gbogbo ọmọ agboolé ń tú síta, tí wọ́n ń ṣe bojúbojú, tí àgbà ń pàlọ́ fún wọn. Ká ní Larry paradà láàárín irú agbo bẹ́ẹ̀, tó sì hu, ẹnikẹ́ni ò ní sá. Wọ́n á rò pé ara àlọ́ ni, wọ́n á sì bá a gberin.

Ti Dókítà Jekyll, tí Robert Louis Stevenson kọ ní 1886, kò gba àlàyé púpọ̀. Oògùn ló kọ́kọ́ ń mu kó tó di Hyde, ìkejì rẹ̀ tó burú; nígbà tó yá, ó ń di Hyde lójú oorun, ó tiẹ̀ di Hyde lórí bẹ́ǹṣì ní Regent's Park lọ́sàn-án gangan. Iyọ̀ tó fi ń po oògùn tó ń dá a padà tán, ó ra òmíràn, kò ṣiṣẹ́. Ìgbà tó yá ló wá rò ó pé ìdọ̀tí tó wà nínú ti àkọ́kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti se àgbo Mushin nínú ìdáná tó mọ́ tónítóní ní Lọ́ńdọ́nù lè bá a kẹ́dùn.

Ṣùgbọ́n Hulk ni ọ̀gá gbogbo wọn. Stan Lee àti Jack Kirby gbé e jáde ní 1962 gẹ́gẹ́ bí òmìrán aláwọ̀ eérú. Àwọn atẹ̀wé kò rí àwọ̀ eérú náà tẹ̀ kó dọ́gba láti ojú ìwé kan sí èkejì, ni wọ́n bá sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé nínú ìwé kejì. Àwọ̀ ara rẹ̀ pàápàá, ẹlòmíràn ló bá a yàn án. Hulk tí ó yẹ kí ará òkèèrè wò dáadáa ni ti tẹlifíṣọ̀n, láti 1977 sí 1982, níbi tí Bill Bixby ti ṣe Dókítà David Banner, tí Lou Ferrigno sì ṣe òmìrán náà. Gbogbo ayé gbà pé Banner ti kú. Kò ní pépà. Láti ìlú dé ìlú ló ń rìn, báàgì kan léjìká, orúkọ bàbá tuntun níbi gbogbo, iṣẹ́ lébìrà tí kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é. Bí inú bá bí i, tó paradà, tó fọ́ nǹkan, oníròyìn kan tó ń lépa rẹ̀ á yọ, Banner á tún palẹ̀ mọ́, á bọ́ sójú títì, á máa nawọ́ sí ọkọ̀ tó ń kọjá.

Ẹni tó bá ti fi pépà ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ rí ní Dalston tàbí Bronx kò nílò alálàyé fún eré yìí. Ọ̀gá pe orúkọ, o gbàgbé pé ìwọ ni. Ẹnì kan rí ọ fín níbi iṣẹ́, o ò gbọdọ̀ bínú, torí ẹni tó bá bínú ni wọ́n máa ń wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ní Èkó, ìbínú kò ní ọlá tó bẹ́ẹ̀. Láti Kẹ́tù dé Ọ̀jọ́ta ní aago méje àárọ̀, Banner á ti paradà lẹ́ẹ̀mejì, kọ̀ńdọ́ dáńfó á sì wò ó láti òkè délẹ̀, á ní owó èèyàn méjì ni kó san nítorí ìjókòó méjì ló gbà. Bí kò bá ní ṣéńjì, kó sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Lupin, olùkọ́ inú ìwé Harry Potter kẹta tó jáde ní 1999, ní tirẹ̀ níṣẹ́ tó dára. Oògùn kan wà tó gbọ́dọ̀ mu lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú òṣùpá kíkún. Ó gbàgbé ní alẹ́ kan, ó paradà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Snape, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, jẹ́ kí àṣírí bọ́ lẹ́nu níwájú àwọn ọmọ iléèwé, Lupin sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí lẹ́tà àwọn òbí tó máa fò wọlé. Ìwà ọmọlúàbí ni, ó sì bani nínú jẹ́. Bó bá jẹ́ iléèwé aládàáni kan ní Alágbàdo ni, Màdámú tó ni iléèwé kò ní lé e. Á ní kó máa ṣọ́ géètì lálẹ́ òṣùpá, kò sì ní fi kọ́bọ̀ kún owó oṣù rẹ̀.

Àwọn apààrọ̀-ara tiwa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ló ní ìkáwọ́. Obìnrin ẹfọ̀n inú ìtàn Ọya bọ́ awọ rẹ̀, ó fi í pamọ́, ó di arẹwà, ó lọ sọ́jà. Nígbà tó bá wù ú, ó tún gbé awọ wọ̀. Kì í ṣe òṣùpá ló ba tirẹ̀ jẹ́. Ọdẹ ló jí awọ náà, tó fi obìnrin náà ṣe ìyàwó, tó gbé awọ sí àjà, tó wá mutí yó, tó sọ ọ́ fún ìyálé. Láti ọjọ́ tí ìyálé ti gbọ́ ọ, ìkáwọ́ ti bọ́. Nínú ìtàn wa, ẹnu ará ilé ló ń ṣe ohun tí òṣùpá ń ṣe níbòmíràn.

Amos Tutuola ti Abẹ́òkúta ló kọ èyí tó pani lẹ́rìn-ín tó sì ń dunni jù, nínú My Life in the Bush of Ghosts, tí Faber tẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù ní 1954. Ọmọ tó sọnù sínú igbó jí oògùn ìparadà, ó fi í sọ ara rẹ̀ di màlúù, kò sì mọ bí wọ́n ti ń padà di èèyàn. Àwọn darandaran rí i, wọ́n rò pé tiwọn tó sọnù ni. Kò lè jẹ koríko, wọ́n nà án. Kò lè sọ̀rọ̀, wọ́n tún nà án. Wọ́n tà á lọ́jà fún ẹni tó fẹ́ fi bọ òrìṣà. Ẹni tó ti jẹ́ máníjà báńkì ní Ìkẹjà, tó wá dé Manchester, tó ń wẹ̀ fún arúgbó, tí ọmọ ogún ọdún ń kọ́ ọ bí wọ́n ti ń fọwọ́, yóò ka ojú ìwé wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀kejì. Màlúù náà mọ ohun gbogbo. Ta ló ń bi màlúù?

Ní 2022 ni Pixar gbé Turning Red jáde. Domee Shi ló darí rẹ̀. Chongqing ní Ṣáínà ni wọ́n bí i sí, Kánádà ló ti dàgbà. Mei, ọmọ ọdún 13 ní Toronto, máa ń di pandà pupa ràgàjì bí ọkàn rẹ̀ bá ti ru, ìbáà jẹ́ ayọ̀, ìbáà jẹ́ ìtìjú. Ìyá rẹ̀ gbọ́ igbe nínú balùwẹ̀, ó rò pé nǹkan oṣù ló dé, ó tẹ̀lé e dé iléèwé, ó sá pamọ́ sẹ́yìn igi. Ìgbà yẹn ni àṣírí tú: gbogbo obìnrin ìdílé náà ló ti paradà rí, ìyá kàn rò pé àsìkò kò tíì tó láti sọ ni. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ní Thamesmead. Ọmọ á pé ọdún 15 kó tó mọ̀ pé ìdílé bàbá òun kì í jẹ ìgbín, ọjọ́ tó sì mọ̀ ọ́n ni ọjọ́ tí wọ́n bú u pé ó jẹ ẹ́.

Àwọn àǹtí Mei dé, ìyá àgbà dé, ètùtù bẹ̀rẹ̀. Larry kò rí irú rẹ̀, Banner kò rí i. Ibì kan ṣoṣo ni fíìmù náà ti ṣìnà lójú òbí Yorùbá. Mei ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ọmọ iléèwé láti bá pandà ya fọ́tò, kó lè fi lọ wo àwọn olórin tó fẹ́ràn. Ìyá rẹ̀ gbọ́, ó sì bínú nítorí pandà. Ìyá Yorùbá á kọ́kọ́ béèrè owó náà: "Mú un wá, jẹ́ kí n bá ẹ tọ́jú ẹ̀."

Ìparadà ará òkèèrè fúnra rẹ̀, inú ohùn ló ti sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan wà ní wọ́ọ̀dù ní Leeds, gbogbo ọ̀rọ̀ ń gba imú jáde. Fóònù dún, ìyá rẹ̀ ni. Kò tíì sọ gbólóhùn kejì tí Iléṣà fi dé. Aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yíjú padà, bóyá nọ́ọ̀sì mìíràn ló wọlé.

Furo Wariboko, nínú Blackass tí A. Igoni Barrett kọ, tó jáde ní 2015, ni òdìkejì rẹ̀. Òun jí ní Èkó láàárọ̀ ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́, ó rí i pé òun ti di òyìnbó, àfi ìdí nìkan. Kafka ti ṣe irú rẹ̀ ní 1915, ṣùgbọ́n Gregor Samsa tó di kòkòrò ń dààmú nítorí ọkọ̀ ojú irin aago márùn-ún tó ti lọ, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Furo, àwọ̀ tuntun ló fún un níṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹnu Èkó, ó sì ń ya gbogbo ẹni tó bá pàdé lẹ́nu.

Ẹni tó bá ti òkè òkun dé lóṣù Kejìlá kì í rí èrè Furo gbà, owó orí rẹ̀ nìkan ló ń san. Àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n bó ti la ẹnu ní ọjà Bódìjà báyìí, ìyá oní-tòmátì ti gbọ́ ọkọ̀ òfuurufú nínú rẹ̀.

"Èló ni apẹ̀rẹ̀ yìí, mà?"

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì."

Ọkùnrin náà yára pa ohùn dà. "Ẹ̀ẹ́tirí, ìyá? Ọmọ Ìbàdàn ni mí o! Bẹẹrẹ nilé wa."

"Mo gbọ́, ọkọ mi. Ẹ kú ìrìn o. Ogójì náà ni. Ṣé ẹ máa san án ní kéèṣì, àbí kí n pe ọmọ oní-POS?"