Sí Bọ̀ọ̀dá Mi, Ọ̀gágun Orí Àga

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ kú ogun o. Ẹ má bínú pé ìta gbangba ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Ìta gbangba náà lẹ ti máa ń fọ́nnu. Àtìgbà tí mo ti gbọ́njú lẹ ti ń sọ pé ẹ jagun Stalingrad, ẹ sì ṣẹ́gun, nínú Call of Duty àkọ́kọ́, èyí tó jáde ní 2003. "Géèmù tiyín ò le. Wọ́n á yìnbọn lù yín, ẹ ó sá sẹ́yìn ògiri, ẹ ó mí díẹ̀, ara á ti yá." Ẹ ò parọ́: láti Call of Duty 2, ní 2005, ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ní tiyín, ẹni tọ́ta bà á wá àpótí òògùn kiri ni.

Àmọ́ lálẹ́ Sátidé tẹ́ ẹ tún gbé Call of Duty àkọ́kọ́ yẹn sórí laptop mi, ẹ̀yìn yín ni mo wà. Mo rí ìpele tẹ́ ẹ mú: Greenhorn! Ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́wọ́ kọ́kọ́ yá ni. Ọwọ́ ò yá. Ìbọn Garand tó wà lọ́wọ́ yín nínú géèmù náà, ọta mẹ́jọ ló ń gbà, kò sì ṣeé fi kún àfi téèyàn bá yìn ín tán, tí irin inú rẹ̀ á fò jáde, á dún "píìn". Ẹ wá ń tẹ R, ẹ ń tẹ R, kó lè gba ọta, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn onígbèsè. Ará Jámánì kan rọra jáde látẹ̀yìn igbó, ó yanjú yín. Ẹ ní máòsì ló ń ṣe ségesège.

Màmá bèèrè pé ogun wo nìyẹn. Ẹ ní ogun Hitler. Wọ́n ní ṣé ti Bọ́má tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ jà? Rárá o, ọmọ ogun Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti Rọ́ṣíà nìkan lèèyàn lè jẹ́ ńbẹ̀. Màmá pòṣé, wọ́n lọ sùn.

Alẹ́ Mọ́ńdè lẹ tó dé Stalingrad. Ọkọ̀ ń gbé yín sọdá odò Volga, bọ́ǹbù ń já, àwọn ọ̀gá ń yìnbọn pa ọmọ ogun tiwọn tó bẹ́ sódò. Ẹ gúnlẹ̀, wọ́n fún ẹni iwájú níbọn, wọ́n fún ẹ̀yin lọ́ta márùn-ún lásán. Ẹ ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀pà ọwọ́ yín, ẹ ò rántí jẹ ẹ́. Ibẹ̀ yẹn, mo gbà fún yín. Èmi náà ò lè kúrò lẹ́yìn àga.

Lẹ́yìn náà lẹ sáré jáde, ẹ sì kú. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Mo kà á.

Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ ní Sátidé, ẹ mú máòsì tiyín dání.

Àbúrò yín