Ọlọ́run Èwo, Ìwọ́ Ibo, Àpò Ta Ni?

Oṣù kẹrin ọdún 1996, ní Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, Mathieu Kérékou gbé ọwọ́ sókè láti búra gẹ́gẹ́ bí ààrẹ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ ti kọ ìbúra náà sílẹ̀ kalẹ̀, kíkà ló kù: níwájú Ọlọ́run, níwájú ẹ̀mí àwọn baba ńlá, níwájú orílẹ̀-èdè àti níwájú àwọn ará ìlú. Baba dé orí Ọlọ́run, ó pè é ketekete. Ó dé orí àwọn baba ńlá, ó fò wọ́n dá bí ẹni tó rí olówó rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Àtúnbí ni nígbà yẹn, wọ́n ti ń pè é ní pásítọ̀, òun àti ẹ̀mí àìrí kò sì gbọdọ̀ jọ dúró sínú gbólóhùn kan náà. Ilé ẹjọ́ tó ń bójú tó òfin ìpìlẹ̀ ní ìbúra yẹn kò tíì pé, ẹ padà wá. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ọ̀gágun tó ti fi ìbọn gba ìjọba rí fi tún gbé ọwọ́ sókè, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ pe àwọn baba ńlá ní gbangba kí wọ́n tó jẹ́ kó jókòó.

Mi ò tíì gbọ́ ibòmíràn tí àwọn ará ọ̀run ti bá ààrẹ ṣẹjọ́, tí wọ́n jàre, tí wọn ò sì san kọ́bọ̀ fún lọ́yà.

Kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé kí ló kàn mí. Kétu wà ní Bẹ̀nẹ̀, alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń sọ ohun tí ẹnu ò gbọdọ̀ sọ lọ́sàn-án fún ẹni tó tóbi, láìjẹ pé wọ́n gbé akọrin lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ohun tí mo fẹ́ sọ lálẹ́ yìí kò pọ̀. Ẹni bá fẹ́ ṣe ààrẹ níbẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ni ìlú máa ń bi í: Ọlọ́run èwo lò ń sìn, ibo ni wọ́n sin ìwọ́ rẹ sí, kí ló wà nínú àpò rẹ? Méjì àkọ́kọ́, ariwo ni wọ́n fi ń bi í, títí ohùn á fi há. Ẹ̀kẹta, ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni, àpò ọ̀hún sì ti máa ń wà lórí àga kó tó di pé wọ́n bi í tán.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi Baba Agẹmọ tayín. Agẹmọ ni Kérékou fúnra rẹ̀ yàn ṣe àmì, ẹ má rò pé èébú ni mo fi bú u. Ó gba ìjọba ní 1972. Ní 1974 ó ní ọ̀nà Marx àti Lenin ni gbogbo ìlú máa tọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń lé oṣó àti àjẹ́ kiri ìgbèríko. Ní 1980 ó lọ kí Gaddafi ní Líbíà, ibi tí epo rọ̀bì ti ń ṣàn, ó sì dé pẹ̀lú orúkọ Ahmed. Nígbà tó fi máa di 1989, àwọn bánkì ìjọba ti dojú dé, olùkọ́ ń retí owó oṣù bí ẹní ń retí Mèsáyà, Marx kò sì rí nǹkan kan sọ sí i. Ni baba bá ju Marx nù kí ọdún tó parí. Oṣù kejì ọdún 1990, ìlú pe àpérò ńlá, wọ́n sì ní kí Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ti ìjọ Àgùdà jókòó sórí àga alága. Ẹni tó ti ń pe ẹ̀sìn ní ìtànjẹ láti ọjọ́ yìí, aláṣọ àlùfáà ló wá bá a tú ẹrù ìjọba palẹ̀. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ló padà wá pẹ̀lú Bíbélì. Àwọn oníwàásù ní Ẹ̀mí ló bà lé e. Èmi ò bá wọn jiyàn. Mo kàn rí i pé gbogbo ìgbà tí Ẹ̀mí bá bà lé baba, ó máa ń bọ́ sí àkókò tí àpò ìjọba gbẹ tàbí tí ìdìbò kù sí dẹ̀dẹ̀.

Baba yìí náà ló yí orúkọ ìlú padà ní 1975. Ó ní Dàhòmì, ti ìjọba Àbọ́mẹ̀ nìkan ni, kò kan Bàrìbá, kò kan Nàgó, kò kan àwọn ará òkè lápapọ̀. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n orúkọ tó wá mú, láti ara ìyawọ̀ òkun Benin ló ti mú un, òkun yẹn sì gba tirẹ̀ lọ́wọ́ ìlú Ọba àwọn Ẹ̀dó, tó wà ní Nàìjíríà títí di òní. Gbogbo ìlú ń jẹ́ orúkọ aládùúgbò, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí pé ìlú yìí kan náà ni yóò wá bi ọmọ ẹlòmíràn pé ta ló bí ọ.

Nicéphore Soglo tó jẹ ààrẹ láàárín 1991 sí 1996, Lomé ni wọ́n ti bí i, ní Tógò lọ́hùn-ún. Ó kàwé ní Faransé, ó ti ṣe ọ̀gá ní Bánkì Àgbáyé. Lomé yẹn kò dí i lọ́wọ́. Nígbà tí ìlú bá jẹ gbèsè, tí ẹnìkan wá mọ ilé tí wọ́n ti ń yá owó, ṣé ìwọ́ rẹ̀ la máa wá máa wá? Àìsàn kan tó lágbára wá dá a gúnlẹ̀ ní àsìkò tó fẹ́ búra, àwọn èèyàn sì ní kì í ṣe ojú lásán. Bó ṣe jí, ó yá mọ́ àwọn oníVodun, abẹ́ rẹ̀ náà ni ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ọjọ́ ọdún ìṣẹ̀ṣe. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni o, ẹ má gbàgbé.

Thomas Boni Yayi ló kàn, ní 2006. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí ní Tchaourou, ẹ̀jẹ̀ Nàgó wà lára rẹ̀, ó wá di ọmọ ìjọ àtúnbí, ó sì ti ṣe ọ̀gá bánkì ìdàgbàsókè tó wà ní Lomé. Ìwé ẹ̀rí méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó mọ Ọlọ́run, ó mọ owó! Ní 2010 ni ilé àdáwó kan tí wọ́n ń pè ní ICC Services wó lulẹ̀. Èlé tí wọ́n ń ṣèlérí rẹ̀, kò sí bánkì tó lè san án láyé. Ìyá aláta lọ kó owó àjọ síbẹ̀, olùkọ́ lọ kó owó ìfẹ̀yìntì síbẹ̀, àwọn mìíràn ta ilẹ̀ baba wọn. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló fọkàn yín balẹ̀, fọ́tò ni wọ́n máa fi hàn yín: àwọn ọ̀gá ICC rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrẹ, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ààrẹ wa, bánkà ni. Ààrẹ wa, àtúnbí ni. Kí ló tún kù? Báyìí ni ẹ̀sìn ṣe di onídùúró fún owó tí kò sí. Ọjọ́ tí ilé náà wó, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, fọ́tò ò sọ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ta ló sanwó ìpolongo Yayi? Patrice Talon ni, ọmọ Ouidah, olówó òwú. Ní 2006 ó náwó, ní 2011 ó tún náwó. Wọ́n wá jà. Ní 2012 Yayi ní Talon fẹ́ fi májèlé pa òun, Talon ní irọ́ ni, ó ti wà ní Paris. Ilé ẹjọ́ Faransé kọ̀ láti fi í ránṣẹ́ sílé, Yayi wá forí jì í ní 2014. Ìfẹ́ owó àti òṣèlú dùn títí ẹ ó fi rí ẹni tó máa kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ wò.

Ọdún 2016 ni ọbẹ̀ wá dé ojú gbígbóná. Ẹni mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló du ipò ààrẹ. Mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́ẹ̀fà ni owó ìdúró, dókítà mẹ́ta sì gbọ́dọ̀ yẹ ara ẹni tó bá fẹ́ dù ú wò. Mo yin òfin yẹn. Wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀fóró wò, wọ́n yẹ ọkàn wò, wọ́n yẹ ojú wò, a kò rí dókítà kan tó ní kí alàgbà ṣí àpò kí òun gbọ́ ìró rẹ̀.

Yayi kò lè dù ú mọ́, ó fa Lionel Zinsou kalẹ̀, olórí ìjọba rẹ̀. Paris ni wọ́n ti bí Zinsou ní 1954. Dókítà tó wá láti Bẹ̀nẹ̀ ni bàbá rẹ̀, Faransé ni ìyá rẹ̀, arákùnrin bàbá rẹ̀ sì ti jẹ ààrẹ ìlú yìí rí, ní 1968. Ó ṣiṣẹ́ ní bánkì Rothschild, owó ńlá ló sì ń kà níbẹ̀. Áà, ojú rẹ̀ rí nǹkan! Wọ́n ní yovó ni, òyìnbó lédè Fọ̀n. Wọ́n ní ẹrù tí Paris dì ránṣẹ́ ni. Wọ́n ní èdè Fọ̀n rẹ̀ kò dán. Awọ ara rẹ̀ di ohun tí gbogbo ọjà Dantokpa ń gbé yẹ̀ wò bíi pé wọ́n fẹ́ rà á ní ọ̀pá kan. Ta ni alátakò rẹ̀? Talon, ẹni tí òun náà gbé ní Paris láti 2012 títí di 2015! Ọmọ Paris méjì ń du Kútọnu, ẹni tó bọ́ nínú ọkọ̀ òfurufú kẹ́yìn ló ń pe èkejì ní àlejò.

Ẹni kẹta ni Sébastien Ajavon, olówó adìẹ inú yìnyín. Ẹ má ṣe ojú bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó àti Badagry, tòlótòló tí ẹ dín ní Kérésì, èyí tí ìjọba Nàìjíríà ti fi òfin dè tipẹ́, níbo lẹ rò pé ó ti gba wọlé? Ọ̀nà Kútọnu ni. A fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀kẹ́ ara wa dìbò fún Ajavon láìgba káàdì. Ó ṣe ipò kẹta, ó ti Talon lẹ́yìn, Talon sì borí ní ìpele kejì pẹ̀lú ìdá márùndínláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún.

Èmi ò ní pe àwọn olùdìbò yẹn ní òmùgọ̀. Wọ́n mọ̀ pé òwú Talon, lára ìjọba ló ti sanra. Wọ́n mọ bó ṣe gba iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹrù ní ibùdókọ̀ ojú omi Kútọnu, tí Yayi tún gbà á kúrò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀. Èrò wọn ni pé ẹni tó ti yó, kò ní jalè. Ní 2017, ọdún kan lẹ́yìn tó dé orí àlééfà, iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹrù yẹn padà bẹ̀rẹ̀, ilé iṣẹ́ yẹn kan náà ló ń ṣe é. Ó yó lóòótọ́, àmọ́ ó tún ní kí wọ́n bu kún un.

Ajavon tí ó tì í lẹ́yìn ńkọ́? Ìparí 2016 ni wọ́n ní àwọn rí kilo méjìdínlógún kókéènì nínú kọ̀ntẹ́nà iwe adìẹ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ kan dá a sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ tuntun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2018 rán an ní ẹ̀wọ̀n ogún ọdún nígbà tó ti sá lọ sí Faransé. Ilé ẹjọ́ Áfíríkà ní Arusha ní wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú. Iwe adìẹ, ẹ̀yin náà mọ̀, ti baálé ilé ni, ọmọdé tó bá fẹnu kàn án á gbọ́ ẹjọ́.

Zinsou ńkọ́? Ní 2019 ilé ẹjọ́ Kútọnu dá a lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tí kò ní lọ, kò sì gbọdọ̀ du ipò fún ọdún márùn-ún. Ẹ̀sùn wo? Pé ó náwó kọjá ohun tí òfin gbà láyè nínú ìpolongo 2016. Àwọn olówó òwú àti olówó adìẹ jọ jáde, ẹni tó fìdí rẹmi nìkan ni a gbọ́ pé ó náwó jù. Bí o bá náwó jù tí o borí, onínúure ni ọ́. Bí o bá náwó jù tí o kò borí, ọ̀daràn.

Talon ti sọ pé sáà kan ṣoṣo lòun máa lò. Àwọn aṣòfin kọ àtúnṣe òfin tó gbé wá ní 2017, ẹ̀ẹ̀kan bá di ẹ̀ẹ̀mejì. Ní 2018 wọ́n gbé owó ìdúró láti mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sí igba ó lé àádọ́ta mílíọ̀nù. Wọ́n dín in kù lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti wá fi kún un pé aṣòfin tàbí olórí ìlú mẹ́rìndínlógún gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ẹni tó bá fẹ́ dù ú. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ti 2016 di mẹ́ta ní 2021, Talon sì gba ohun tó lé ní ìdá márùndínláàádọ́rùn-ún. Wọ́n ò tún bi ẹnikẹ́ni pé Ọlọ́run èwo. Ẹni tí ì bá bi í kò rí ẹni fọwọ́ sí i.

Kí n tó sọ ìbòjú kalẹ̀, mo ní iṣẹ́ kan láti rán sí Ọ̀gbẹ́ni Zinsou. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin tuntun: ẹnikẹ́ni tí wọ́n kó baba ńlá rẹ̀ lẹ́rú kúrò ní Áfíríkà lè wá gbàwé ọmọ ìlú, ì báà jẹ́ láti Amẹ́ríkà, ì báà jẹ́ láti Bàhíà, kò pọn dandan kó gbọ́ Fọ̀n kankan. Ciara olórin ti gba tirẹ̀ ní 2025, àwọn ará ìlú sì pàtẹ́wọ́. Mo ti fẹ́ ní kí Zinsou sáré lọ tò sórí ìlà, kí ẹnikẹ́ni má tún pè é ní yovó mọ́ láé, àfi ìgbà tí mo ka òfin náà dé ìsàlẹ̀: kò sí àyè fún ẹni tó bá ti ní ìwé ọmọ ìlú Áfíríkà kankan lọ́wọ́. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni Zinsou láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti bí i. Wọn ò ní gbà á.