Apá Òsì, Apá Ọ̀tún

Àwọn tó ń ta alùpùpù tòkunbọ̀ ní gbólóhùn kan tí wọ́n fi ń mú ènìyàn: "Sáfíísì lásán ló fẹ́." Honda CBR600F4 ti ọdún 1999 ni wọ́n fi tà fún mi n'Íbàdàn lọ́dún 2022, ₦450,000. Ó pupa fòò, ó na àyà síwájú bí àkùkọ tó fẹ́ jà. Kò kàn fẹ́ stáàtì ni.

Olùkọ́ físíìsì ni mí, ètò ni mo fẹ́ràn. Mo ra ìwé, mo fa ìlà sáàrin ojú ewé rẹ̀. Owó ohun tó ti bàjẹ́ kí n tó rà á yóò wà lápá òsì. Owó ohun tí èmi fúnra mi bá bà jẹ́ níbi àtúnṣe yóò wà lápá ọ̀tún. Ẹ̀fẹ̀ ni mo fi apá ọ̀tún ṣe.

Mo pààrọ̀ ọ́ìlì, mo dá nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnnì padà, mo sì fi gbogbo agbára dè é. Irin ni nọ́ọ̀tì yẹn, alumíníọ́ọ̀mù ni ibi tó ń wọ̀. Ó le, ó le sí i, ló bá rọ̀ lójijì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ irú rírọ̀ yẹn á bá mi kẹ́dùn. ₦12,000 lọ́dọ̀ ẹni tó bá mi gbẹ́ ojú ihò tuntun. Apá ọ̀tún.

Kabúrétọ̀ mẹ́rin ló ní. Rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ ló ń fà á sókè kí epo lè pọ̀ sí i bí ẹ bá ti ń fúnná mọ́ ọn. Oògùn tí wọ́n fi ń fọ kabúrétọ̀ kò gbọdọ̀ kan rọ́bà yìí. Wọ́n kọ ọ́ sára agolo. Mo ka ara agolo nígbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wú, tí wọn ò wọ ibi tí wọ́n ti jáde mọ́.

Mo wá rọ́bà tuntun dé àwọn ìsọ̀ Gáàtì. Ọmọ ìsọ̀ kan wò mí tàánú-tàánú: "Ọ̀gá, ẹ ò ṣe kúkú ra Bajaj, kí ẹ sinmi?" Àbúrò mi tó wà ní London ló bá mi rí i rà. Kí n tó kó owó rẹ̀ jọ, ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, iye tí mo ti kọ sílẹ̀ di ìtàn. Ó ṣe mí bí kí n fa ìlà kẹta fún ìjọba.

Ti bátìrì ló ń tì mí lójú jù. Mo rà á, ó kú. Mo ra òmíràn, ó tún kú, mo sì lọ bá ẹni tó tà á fún mi jà, a fẹ́rẹ̀ẹ́ fa aṣọ ya. Rìwáyà àdúgbò wa ló ní ká fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, ó fi mítà kan orí bátìrì: fóòtì 17. Kò yẹ kó ju bíi 14 lọ. Règúlétọ̀ tó yẹ kó máa dá iná náà lẹ́kun ti kú.

"Bàbá, ẹ ò fún bátìrì yìí níná o. Ṣe lẹ̀ ń sè é."

Règúlétọ̀ bọ́ sápá òsì. Bátìrì méjèèjì bọ́ sápá ọ̀tún, torí irú mítà yẹn gan-an ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 bí a ṣe ń wọn iná.

Nígbà tí mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, apá òsì jẹ́ ₦386,500, apá ọ̀tún ₦411,200. Ìyàwó mi, tó ń ta aṣọ ní Gbági, gba ìwé náà wò, ó mú bírò. Ó fi ìrẹsì àti dòdò tí rìwáyà jẹ kún un. Ó fi kẹrosíìnì rẹ̀ tí mo fi fọ ṣéènì kún un, àti táwẹ́ẹ̀lì tí mo fi nu ọ́ìlì, tí mo rò pé kò tíì mọ̀.

"Ṣé ó wá ṣeé gùn báyìí?"

Mo ní ó ku táyà ẹ̀yìn. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 2308, tí mo ti rò pé nọ́ńbà ilé iṣẹ́ lásán ni. Ọjọ́ orí táyà ni: ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2008 ni wọ́n ṣe é.

"Bàbá Tóbi, nígbà tí ẹ ń sanwó lọ́jọ́ náà, nọ́ńbà yẹn wà níbẹ̀ àbí kò sí?"

Mo ní ó wà níbẹ̀. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ táyà sápá ọ̀tún.