Lintian, Ọ̀rẹ́ Mi

Ẹ sún mọ́bí, kí ọ̀rọ̀ má baà jábọ́. Ṣé ẹ mọ ọmọ Alájọ, èyí tí yàrá wọn kọjú sí balùwẹ̀? Àwọn kan nínú ilé wa ní Máfolúkù níbí ti ń sọ pé ọmọ náà ti di Yahoo. Ẹnu wọn ò sunwọ̀n! Èmi lọ yá iyọ̀ lálẹ́ (iyọ̀ ni o, n ò lọ ṣe amí), mo bá a nídìí kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ pọ́n wáí.

Ó ní, "Màmá, package ni mò ń kọ́ o, ti Debian."

Ta ló ń jẹ́ Debian? Ó ní irú Linux kan ni, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Ian Murdock ló dá Debian sílẹ̀ lọ́dún 1993, ó fi orúkọ olólùfẹ́ rẹ̀, Debra, ṣíwájú tirẹ̀. Ẹ gbọ́ nǹkan! Bàbá àwọn ọmọ mi ra dánfó, ó ń ná Òṣòdì sí Ìsọlọ̀, orúkọ ìyá rẹ̀ ló kọ sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ubuntu tẹ́ ẹ ń gbọ́ yẹn, ara Debian ni Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ti fà á yọ ní 2004.

Ètò kékeré tó ń ṣírò owó àjọ ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà fẹ́ fi sínú Debian. (Ìyá Elépo ò tíì dá ti oṣù tó kọjá, ẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu mi.) Nínú fáìlì control, ó ní láti kọ ẹni tó ń bójú tó ètò náà, àti gbogbo ohun tí ètò náà nílò kó tó lè ṣiṣẹ́. Nínú copyright, ẹni tó kọ ọ́ àti àṣẹ tó fi sílẹ̀ fáráyé. Changelog, níbi tí wọ́n ń kọ àyípadà ètò sí, ló ń bá fà á lálẹ́ ọjọ́ yẹn: àlàfo kan ló fi sáàárín í-meèlì rẹ̀ àti ọjọ́, méjì ni wọ́n ń fẹ́. Nítorí àlàfo! Bó ṣe tún un ṣe, tí dpkg-buildpackage bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ni wọ́n mú iná lọ.

Ṣùgbọ́n lintian lèmi fẹ́ràn. Bí wọ́n bá kọ́ package tán, òun ló ń tú inú rẹ̀ wò. Ìwé tí kò sí, àpèjúwe tí kò dáa, gbogbo rẹ̀ ló máa tú síta: E fún àṣìṣe, W fún ìkìlọ̀. Kò ní tún nǹkan kan ṣe o, ẹjọ́ lásán ló ń rò. Mo ní háà, wọ́n ti fi èmi náà sínú kọ̀ǹpútà!

Iná ti padà dé, ọmọ náà ti kọ́ package rẹ̀ tán, lintian sì ti dákẹ́ báyìí. Ó ku ẹni tí Debian fún láṣẹ, tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, tó máa fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ fọwọ́ sí i, kó tó gbé e wọlé. Ọmọ náà ò lè dá ìyẹn ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ lókè òkun, bẹ́ ẹ bá mọ Debian Developer kankan, èmi ni kẹ́ ẹ wá bá. Ẹ má lọ bá Alájọ o, kò mọ̀ pé mo ti sọ fún yín.