Ọkùnrin Tó Gbé 150 Fráǹkì Lọ sí Báńkì

Gàrí ìyá ìyàwó mi ló fa gbogbo rẹ̀. Okpomèta ni màmá ń gbé, ní agbègbè Kétu, ní ẹkùn tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní Plateau. Gàrí tí wọ́n ń dín níbẹ̀ gbẹ, ó kúnná, ó sì kan níwọ̀nba. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, á ra ìwọ̀n tirẹ̀, á gbé e relé, á fi omi tútù àti ẹ̀pà mu ún. Èmi, ọmọ Ìmẹ̀kọ tó fi Abẹ́òkúta ṣe ibùgbé, ní àfi kí n sọ ọ́ di òwò ilẹ̀ òkèèrè. Mo ṣàlàyé fún màmá pé àwọn alágbàtà Kútọnu yóò máa san fráǹkì sẹ́fà, owó ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, pé sẹ́fà tó bá pọ̀ kò ṣeé gbé kiri, pé ó di dandan kí a ní àkántì ilé-iṣẹ́ ní báńkì.

“Àna mi,” ni wọ́n wí, “ṣé àpò tí mo so mọ́ ìdí yìí ló ti jò ni?”

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹni tó lọ sí yunifásítì ni.

Ohun tó fi ọkàn mi balẹ̀ ni pé Kétu kan náà ni wá. Mo ti ka ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ bíi tèmi, lórí ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà lọ́dún 1889, tí Kétu fi bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí Ìlárá sì wà lápá ọ̀hún àti lápá ìhín títí di òní. Èyí tí mo dì mú nínú ìwé náà ni pé ìlà lásán ni. Ibi tó ti sọ ohun tí ìlà lásán ń fojú ọmọ ènìyàn rí, ó ní láti jẹ́ pé mo ti sùn lọ nígbà tí mo kà dé ibẹ̀.

Mo gba Ìmẹ̀kọ kọjá sí Kétu pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ (CAC) mi láti Nàìjíríà, tí mo ti fi ike bò kí òjò má baà pa á, àti òǹtẹ̀ rọ́bà tuntun tí mo ṣe ní Abẹ́òkúta. Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà gùn débi pé ó yí òǹtẹ̀ ọ̀hún po, ó sì fi “International Limited” parí. Gbogbo ọjà tí a ní nígbà náà kò kún ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Màrúwá.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà báńkì kí mi lédè Kétu. “Ẹ káàbọ̀, bàbá.” Mi ò tíì gbà pé bàbá ni mí, ṣùgbọ́n mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ ìwé CAC mi wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn.

“Bàbá, ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà lèyí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi.”

“Níbí, RCCM là ń béèrè, àti nọ́ńbà IFU.”

Ó fi sùúrù ṣàlàyé: RCCM ni ìwé tí wọ́n fi ń forúkọ oníṣòwò sílẹ̀, IFU ni nọ́ńbà tí àwọn agbowó-orí fi ń mọ ènìyàn. Orílẹ̀-èdè 17 ló ń lo òfin ìṣòwò kan náà lábẹ́ OHADA, àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Port-Louis lọ́dún 1993. Bẹ̀nẹ̀ wà nínú rẹ̀. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Mo ní ọmọ Kétu ni mí. Ó ní, “Mo gbọ́ ọ lẹ́nu yín, bàbá. Ìwé náà ńkọ́?”

Ẹni tó ní làákàyè á lọ wá ìwé. Èmi lọ wá àgbà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó mi ni mo gbé lọ, ẹni tó mọ orírun gbogbo ilé tó wà ní Kétu. Nígbà tí wọ́n wọlé, ọ̀gá báńkì náà fúnra rẹ̀ dìde, ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti táì lọ́rùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìdílé. Ilé yìí fẹ́ ti ọ̀hún, ìyá báyìí ló bí lágbájá, títí tí wọ́n fi rí i pé ìyá àgbà ọ̀gá yìí àti ìyá bàbá wa jọ dàgbà lágboolé kan náà ni. Àwọn méjèèjì pàtẹ́wọ́. Omi tútù dé. Mo ti yọ ìdérí bírò mi.

Ọ̀gá bá mú bébà kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún mi. Àwọn ìwé tí ọmọbìnrin yẹn béèrè ló wà níbẹ̀, ó sì tún fi ọ̀kan kún un. Ó ní nítorí pé ẹbí ni wá lòun ṣe fẹ́ tètè sọ fún mi, kí n má baà dé iwájú kí wọ́n dá mi padà: àjèjì tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí wá láti ilẹ̀ rẹ̀ pé òun kò jẹ̀bi ẹ̀sùn ọ̀daràn rí. Báyìí ni ìbátan ṣe gbé mi láti Kétu dé ọ́fíìsì ọlọ́pàá ní Alágbọn, ní Ìkòyí, tí mo ń tẹ ìka sórí íǹkì nítorí gàrí.

Ìforúkọsílẹ̀ gan-an kò ní ìtàn. Orí fóònù ni àbúrò ìyàwó mi ti ṣe é, lórí monentreprise.bj ti ìjọba Bẹ̀nẹ̀, ìwé sì jáde kí n tó rí ẹni tí mo máa bá ṣàròyé.

Ìdúró tí mo ń dúró ló pa mí lára. Ní gbogbo àsìkò yẹn, náírà ni mo fi owó òwò pamọ́ sí, nínú àpótí ní Abẹ́òkúta. Mo ní kí n má tíì ṣẹ́ ẹ sí sẹ́fà, iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ yóò dára sí i. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba tú náírà sílẹ̀. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí 470 náírà lọ́jà ìjọba kọjá 660 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ má gbàgbé pé owó yúrò ni wọ́n so sẹ́fà mọ́: láti 1999, yúrò kan jẹ́ 655.957 fráǹkì, kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Owó inú àpò ìdí màmá kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Màmá ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń wò mí bí ẹni ń wo aláìsàn.

Ọjọ́ tí mo wá padà sí báńkì, ìwé pé. Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù fún mi. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ lédè Faransé pé kí n kọ́kọ́ fọwọ́ ara mi kọ “lu et approuvé” kí n tó fọwọ́ sí i. Mo da gbogbo gbólóhùn yẹn kọ, tàṣẹ tàṣẹ, pẹ̀lú àmì ìdúró ìparí. Ọmọbìnrin yẹn kà á, ó wo òkè àjà fúngbà díẹ̀, ó fún mi ní fọ́ọ̀mù mìíràn.

Owó ló kàn. Mo kó sẹ́fà tí mo fi náírà tó kù ṣẹ́ sórí káńtà, mo sì kọ 150,000 sórí bébà tí a fi ń sanwó wọlé.

“Bàbá, àádọ́jọ fráǹkì lẹ gbé wá?”

Mo wo owó, mo wò ó. Lọ́dọ̀ tiwọn, kọ́mà ni wọ́n fi ń ya odidi sọ́tọ̀ kúrò lára ìdá. Àlàfo ni wọ́n ń fi sáàárín ẹgbẹ̀rún. Mo fi bírò fagi lé kọ́mà mi. Ó ní bébà tí wọ́n bá ti fagi lé nǹkan nínú rẹ̀ kò wúlò mọ́. Mo gba òmíràn, mo kọ ọ́ re, mo wá fi òǹtẹ̀ “International Limited” lù ú tagbáratagbára, orúkọ tí kò sí lórí RCCM mi rárá, torí èmi nìkan ni mo forúkọ sílẹ̀ bí oníṣòwò. Ó tún fún mi ní òmíràn. Ẹni tó tò sẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

Àkántì sáà ṣí. Nígbà tí ìwé ṣẹ́ẹ̀kì dé, mo gbé e lọ sí Okpomèta, mo pe àwọn obìnrin tó ń bá wa dín gàrí jọ sí iwájú ilé, mo sì kọ ṣẹ́ẹ̀kì owó ẹ̀gẹ́ fún màmá lójú gbogbo wọn. Ìfọwọ́sí tí mo fi sí i lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni mo yí i po. Àwọn obìnrin hó yèè.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù mi dún. Báńkì ni. “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹnìkan ń fi orúkọ yín kọ ṣẹ́ẹ̀kì. Obìnrin àgbàlagbà kan ló mú un wá.”

Mo gun ọ̀kadà zémìjàn, mo sáré débẹ̀. Màmá jókòó sórí àga, wọ́n káwọ́ mọ́ àyà. Ọmọbìnrin yẹn gbé káàdì tí mo fọwọ́ sí nígbà tí a ń ṣí àkántì jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jọra, kò sì sí èyí tó jọ ti ṣẹ́ẹ̀kì. Ó ní kí n fọwọ́ sí òmíràn kóun wò ó. Òun náà tún yàtọ̀.

“Bàbá,” ló wí, ohùn rẹ̀ ti ń di ti tíṣà jẹ́léósinmi, “ẹ kàn kọ orúkọ yín. Ẹ má yí nǹkan kan.”

Mo kọ ọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bíi ti ọmọ ilé-ìwé. Ó gbà á, ó yí káàdì padà, ó san owó. Màmá ka tiwọn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dìde, wọ́n tẹ́ ọwọ́ sí mi.

“Owó zémìjàn ńkọ́, àna mi? Àlọ àtàbọ̀ ni o.”