Ọkọ̀ Tó Ń Kí Gbogbo Ṣàngó Ọ̀tà

Ìyànà Ìyẹsí la wà tí fèrè ọkọ̀ àbúrò mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mi ò tẹ̀ ẹ́ o. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí sítíárìn, mo ń wà á jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin rù. Ọkọ̀ tèmi ní London, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà, Nàìjíríà sì ti fi ìyẹn sílẹ̀ láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo bá délé, ọwọ́ mi máa ń ṣi nǹkan mú nígbà tí mo bá ń wakọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ara mi ni mo kọ́kọ́ fura sí.

Ó ké pááàn. Mo wo dígí ẹ̀yìn, mo rò pé ẹnì kan ló fẹ́ kọjá. Ó tún ké, èyí gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wáípà dìde láìsí òjò, ó ń ha gíláàsì gbígbẹ kẹ̀rẹ̀ kẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ara wọn, wọ́n ṣí, wọ́n tún tì. Màmá mi tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi dá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dúró.

"Ta lò ń kí?"

"Màmá, mi ò kí ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ yìí ló ń ké fúnra rẹ̀."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó wà nídìí àgbàdo yẹn ti juwọ́ sí ọ. Dá a lóhùn."

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti padà sí London, ohun tí mi ò tíì lè gbé kúrò lọ́kàn nìyí: láti Ìyànà Ìyẹsí dé Ojú Ọrẹ́, láti Ojú Ọrẹ́ dé Jójú, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó rò pé nǹkan ń ṣe ọkọ̀ wa. Dánfó kan fún wa lésì, pín-pín, lẹ́ẹ̀mejì. Ọlọ́kadà kan gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rí yín o!" Tírélà tó ru irin láti ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ ibẹ̀ yà fún wa. Èmi tí wọ́n bí sí Ọ̀tà, mi ò rí i rí kí tírélà yà fún ọkọ̀ kékeré lójú ọ̀nà Ìdìrókò. Ọmọbìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì sáré tẹ̀ lé wa títí a fi kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó gbá fèrèsé: "Ẹ pè mí, èmi rèé. Mélòó lẹ fẹ́?" Màmá mi ra méjì. Ó ní a ò lè mú ọmọ ọlọ́mọ sáré lásán. Fèrè ń ké bó ṣe ń ka owó.

London ńkọ́? Òfin ojú pópó wọn ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọn fèrè nígboro láti aago 11:30 alẹ́ títí di aago 7 àárọ̀, àfi tí ewu bá ń bọ̀. Ọ̀sán gan-an, ẹni tó bá fọn ọ́n, ìjà ló ń wá. Lóru ọjọ́ kan ní Peckham, ọkọ̀ mi ké fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó jí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá bébà kan lábẹ́ wáípà. Ẹni náà ò kọ orúkọ. Ìlà mẹ́rin ló fi bú mi, ó wá fi "ẹ ṣeun" parí rẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé, mi ò tíì mọ ẹni tó kọ ọ́. Tí mo bá dúró ní ibùdókọ̀, ọwọ́ àwọn aládùúgbò mi ni mo máa ń wò. Ká ní Ọ̀tà ni, ẹni náà ì bá ti kanlẹ̀kùn lóru, ì bá bú mi níṣojú mi, à bá sì ti parí ẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọ̀dọ̀ rìwáyà kan nítòsí bíríjì Ṣàngó la gbé ọkọ̀ lọ, lẹ́yìn ògiri iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike. Ó yẹ kí ojú ti òrìṣà Ṣàngó fúnra rẹ̀! Òun náà kọ́ ni Ben Enwonwu ṣe ère rẹ̀ ní 1964, tí wọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ní Marina l'Ékòó? Ìlú tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni iná inú ọkọ̀ lásán ti wá ń fi mí ṣẹ̀sín.

Rìwáyà náà tú orí bátìrì kan, gbogbo Ṣàngó sì dákẹ́. Nígbà tó so ó padà, ó ki ẹ̀rọ kékeré kan bọ ihò abẹ́ sítíárìn, ihò tí ìjọba Amẹ́ríkà sọ di dandan fún ọkọ̀ tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ láti 1996. Ẹ̀rọ náà ka àìsàn, ó kún ojú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnnì ò ní nǹkan kan. Bíréènì ara ló ti lọ."

Nígbà tí bàbá mi ń wa Peugeot 504, irú èyí tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti 1975, fèrè ní waya tirẹ̀, wáípà ní tirẹ̀. Tí fèrè bá ké láìnídìí, wọ́n á fa waya kan yọ, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ti ìsinsìnyí, àpótí pẹlẹbẹ kan tí kò ju ìwé ọmọléèwé lọ ló ń pàṣẹ fún iná, fèrè, wáípà, fèrèsé àti ilẹ̀kùn, òun náà ló sì ń dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀. Òun àti àwọn bíréènì yòókù jọ ń sọ̀rọ̀ lórí waya méjì péré, ọgbọ́n tí Bosch ti Jámánì gbé jáde ní 1986. Tí omi bá wá kàn án, ó di ọ̀mùtí tí wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé lọ́wọ́ níbi ìkómọ.

Omi ló kàn án lóòótọ́. Rìwáyà tú abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú ibi tí Màmá jókòó sí. Ìdajì ewé máńgòrò gbígbẹ já bọ́ láti ara ìdì waya. Ó fa àpótí náà yọ, ó ṣí i, mo sún mọ́ ọn. Àwọn irin kéékèèké inú rẹ̀ ti hu nǹkan funfun bí àtíkè, èèrà sì ti kó ẹyin pamọ́ sí igun kan. Bí oòrùn ṣe kàn wọ́n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹyin sá lórí ìka rìwáyà. Ewé ló dí ojú ibi tí omi gíláàsì iwájú ń gbà jáde, ni òjò bá ń gba inú wọlé. Gbogbo wa wo Màmá, nítorí abẹ́ igi máńgòrò rẹ̀ ni àbúrò mi máa ń gbé ọkọ̀ sí.

"Igi yẹn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣe ọkọ̀ yìí," ló wí, ó sì bu búrẹ́dì sẹ́nu.

Ọmọ iṣẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, wọ́n sá a sóòrùn, wọ́n dá a padà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá la fi gbádùn. Ó ní pááàn.

Àbúrò mi bá forí lé ọjà Ládípọ̀ ní Mushin. Wákàtí mẹ́rin ló lò, ó mú tòkunbọ̀ kan dé tí wọ́n ní Belgium ló ti wá, nọ́ńbà rẹ̀ bá tiwa mu dórí lẹ́tà tó kẹ́yìn. Wọ́n so ó mọ́ ọkọ̀. Fèrè dákẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò ṣíná. Bíréènì ní òun ò mọ kọ́kọ́rọ́ wa rí, nọ́ńbà ṣaṣí ọkọ̀ tí wọ́n yọ ọ́ lára rẹ̀ ló ṣì wà lórí rẹ̀.

"Ó ti pẹ́ lọ́hùn-ún jù," ni rìwáyà wí. "Kò mọ ilé mọ́. Àfi ká kọ́ ọ."

Àbúrò mi wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ iṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n yá bátìrì dánfó kan tì í, nítorí tí iná bá lọ sílẹ̀ láàárín kí wọ́n tó kọ́ ọ tán, ó lè kú pátápátá. Kọ́kọ́rọ́ àti nọ́ńbà ṣaṣí ni wọ́n kó wọ inú rẹ̀. Ìwà yòókù tó kó ti Belgium bọ̀, rìwáyà ní òun ò ní fọwọ́ kàn án: ohun tó bá ti ń ṣiṣẹ́, a kì í tú u.

Owó ló wá ba ọjọ́ náà jẹ́. ₦70,000 ló pe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún àbúrò mi lórí fóònù. Níbi tí mo ti béèrè rìsíìtì àti gàráńtì, ó di ₦120,000. Inú bí mi. Mo ní kí ló dé, ṣé ọmọ Ọ̀tà kọ́ ni mí ni, ṣé kì í ṣe ibí ni wọ́n ri ibi mi mọ́? Ọkùnrin náà rọra nu ọwọ́.

"Mo mọ̀ pé ọmọ Ọ̀tà ni yín, Ẹ̀gbọ́n. Ìdí tí mi ò fi pe iye òyìnbó fún yín nìyẹn."

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti wà ní London, wọ́n ṣì ń bi mí pé níbo ni mo ti wá gan-an. Mo wá wọ bàálù wálé kí wọ́n lè bi mí ní ìbéèrè kan náà, kí wọ́n sì gba owó lé e.

Màmá ló dá sí i. Ó bi rìwáyà léèrè pé ta ni bàbá rẹ̀, agbo ilé wo ni. Wọ́n ń bá a bọ̀, wọ́n ń bá a bọ̀, wọ́n kan òkú kan tí àwọn méjèèjì jọ lọ sin. ₦75,000 la san. Wọn ò fún mi ní rìsíìtì.

Ọjọ́ kejì la rí ìwà Belgium. Òfin Yúróòpù ti ní kí irú ọkọ̀ tó bá jẹ́ tuntun máa tan iná lọ́sàn-án láti oṣù Kejì ọdún 2011, bíréènì náà sì mú òfin yẹn bọ̀. Bí mo ṣe dáná sí ọkọ̀ báyìí, iná tàn wàà. Ẹ ṣáà mọ àwọn ará ilé. Gbogbo awakọ̀ tó ń bọ̀ níwájú ló ń na ọwọ́ sí wa, wọ́n ń pa ìka dé, wọ́n ń ṣí i, pé iná yín ń jó, ẹ pa á, bátìrì yín á kú. Láti Ọ̀tà títí dé Abẹ́òkúta. Màmá ń juwọ́ padà sí gbogbo wọn. Àbúrò mi ní títí di bí mo ṣe ń kọ eléyìí, wọn ò tíì jáwọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gba ojú ọ̀nà Ìdìrókò, tẹ́ ẹ bá rí ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan tí iná rẹ̀ ń tàn lọ́sàn-án gangan, a ti mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Tẹ́ ẹ bá wá gbọ́ fèrè rẹ̀, ẹ bá mi kí màmá tó jókòó síwájú.